Jẹ́ Kí Gàní Gbé Ìbọn Rẹ̀ Wá sí Ọ̀tà

Ilé Làwàní Alágbẹ̀dẹ,
Ọ̀tà.

Sàfúrátù ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Gàní ọmọ yín tí ń fi ìbọn lé adìẹ kiri ọgbà rélùwéè. Ara mi le. Ara ìyá rẹ náà le, àfi orúnkún rẹ̀ tí ó fi ń gba ìkẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ilé. Alhamudulilahi tí lẹ́tà rẹ bá wa láàyè, tí mo sì lè kà á fúnra mi láìbẹ ẹnikẹ́ni. O mọ̀ pé n kò rí ilé ìwé bí ẹ̀yin ti rí i. Tíṣà kan tí mo ń pọ́n àdá fún ni ó ń fi ìrọ̀lẹ́ kọ́ mi, èédú àgbẹ̀dẹ mi ni a sì fi ń kọ ọ́ sára pátákó. Síbẹ̀, nínú gbogbo alágbẹ̀dẹ tí ó wà láti Ìjọ̀kọ dé Ìjù, ta ni ó lè jókòó lónìí kí ó kọ lẹ́tà gígùn sí ọmọ rẹ̀? Bí o bá rí ẹyọ kan, júwe ilé rẹ̀ fún mi kí n lọ kí i.

Ẹ kú ilé tuntun. Ẹ kú oríire. Nígbà tí mo ka ibi tí o ti ní wọ́n gbé ọkọ rẹ ga lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n sì fún un ní ilé ní Ẹbúté-Mẹ́ta, tí omi ẹ̀rọ wà lẹ́yìn ilé náà, ìyá rẹ ní kí n tún ibi omi ẹ̀rọ kà. Mo tún un kà.

Ó ní, "Ṣé Sàfú ò ní ru omi mọ́ nìyẹn?"

Mo ní, "Kò ní ru omi mọ́."

Ó jókòó síbẹ̀, ó ń dá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá ka ọ̀rọ̀ ìbọn, ẹ̀rín sì tán lẹ́nu rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí o kọ padà fún ọ, kí o lè mọ̀ pé n kò ṣì í kà. Ọkọ rẹ ra ìbọn páànù fún Gàní ní Èkó láti fi yọ ayọ̀ ipò tuntun. Ìbọn náà dúdú, ó ń dán, bí a bá sì fà á, ó ń dún bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ọmọ kì í gbé e sílẹ̀ mọ́, ì báà ṣe nídìí oúnjẹ. Ìwọ ní kí a sọ ọ́ nù, nítorí ìyá kan ládùúgbò yín sọ fún ọ pé ọmọ tí ó bá ń fi ìbọn ṣeré yóò di olè tàbí apànìyàn. Ọkọ rẹ ní páànù lásán ni. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Ó wá bi ọ́ pé bí ìbọn páànù bá burú tó bẹ́ẹ̀, kí ni kí a ti pe ilé bàbá rẹ ní Ọ̀tà, níbi tí ìbọn gidi ti fara ti ògiri bí igi ìdáná? Ó ní bí o bá sọ ti Gàní nù, Gàní kò ní wá ṣe Iléyá lọ́dọ̀ mi. O wá kọ ọ́ pé, "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ń tún ìbọn ṣe, ẹ dá ẹjọ́ yìí fún wa, kí n lè mọ̀ bóyá kí ọmọ máa bọ̀ tàbí kí ó dúró."

Kò bí mi nínú. Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ ìyẹn, kí o sì sọ fún un. Àwọn mìíràn a fi ọmọ wọn ránṣẹ́ sí mi, ohun tí wọ́n á bèèrè ni bóyá ẹran yóò tó. Ọkọ tìrẹ bèèrè ohun tí ó wà lára ògiri ilé tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ sùn sí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó fún ọ ní irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí ó wá tọrọ rẹ pé orí rẹ̀ pé. N kò kàn fẹ́ kí ó tètè mọ̀ pé mo mọ̀ ni.

Jókòó dáadáa wàyí. O mọ ìtàn ọjọ́ tí bàbá rẹ sunkún lé obìnrin tí ń rẹ́rìn-ín lórí. Ọdọọdún ni àwọn àbúrò mi fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ nídìí ẹran Iléyá, ìwọ náà a sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìdajì ni wọ́n ń sọ. N ó sọ odidi rẹ̀ fún ọ lónìí.

Ìgbà náà ni eyín iwájú rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Èmi sì wà nínú agbára mi. Ìbọn tí ó bá ti kọ̀ sí àwọn alágbẹ̀dẹ Agége lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. Bí mo bá fi ọmọ owú kan ọ̀pá ìbọn díẹ̀, kí n tẹ́tí sí i, mo lè sọ ibi tí ó ti sán láìfojú rí i. Àwọn tí ó jẹ́rìí sí i ṣì wà láàyè.

O wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, o ní o fẹ́ ìbọn. Bàbá ẹlòmíràn ìbá ṣẹ́ igi fún un. Èmi Làwàní? Kí ọmọ mi máa gbé igi kiri kí gbogbo Ọ̀tà máa wò ó? Mo fi ọ̀pá kẹ̀kẹ́ tí ó ti tẹ̀ ṣe ọ̀pá rẹ̀. Mo fi igi apá ṣe ìdí rẹ̀, mo fi òrùka idẹ yí i ká gẹ́gẹ́ bí mo ti ń ṣe sí ìbọn gidi, mo sì fi òkúta ìbọn sí i, kí ó lè máa ta iná pàrà bí o bá fà á. Ọdẹ kan rí i, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Làwàní, ṣé ọmọ lo ṣe èyí fún, àbí ọdẹ tó kúrú?" Inú mi dùn débi pé n kò gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà lọ́jọ́ yẹn.

Kò sí ẹni tí o kò yìn ní ìbọn. O yin ewúrẹ́ lémọ́mù. O yin ìyá mi àgbà lórí ẹní ìkírun. Nígbà tí ó sálámà tán, ó ní kí o máa jẹ́ kí òun kírun tán kí o tó pa òun. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ni o fẹ́ràn láti máa yìn jù, nítorí òun ni ó mọ̀ ọ́n kú jù. Bí o bá ti fà á báyìí, yóò ju ọwọ́ méjèèjì sókè, yóò ní, "Yéè, Sàfú ti pa mí o! Ẹ bá mi kí ọkọ mi!" Yóò sì ṣubú lulẹ̀ gbalaja. Ìwọ a wá máa yọ́ kẹ́lẹ́ lọ ṣí ojú rẹ̀ wò.

Ọdẹ kan wà ní ọ̀nà Ìjù tí ń jẹ́ Ògúnṣọlá. O mọ̀ ọ́n dáadáa: Bàbá Ọdẹ tí mo ń fi itan àgbò ránṣẹ́ sí ní gbogbo Iléyá nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí o ti máa rò pé ẹbí wa ni. Kì í ṣe ẹbí wa. Ọkùnrin náà ní àṣà kan tí àwọn ọdẹ yòókù fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Bí ọdẹ bá ki ìbọn rẹ̀ tí kò sì rí ẹran yìn, ṣe ni yóò gbé e bọ̀ wálé bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀tù nínú rẹ̀, yóò fi í há àjà títí di ìgbà tí yóò tún wọ igbó. Ẹ̀tù wọ́n, kò sì sí ẹni tí ń rà á láìní láísẹ́ǹsì ìjọba. Ògúnṣọlá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti dé ìdí igi ọdán tí ó wà létí ìlú, yóò dúró, yóò dojú ìbọn kọ ilẹ̀ níbi tí kò sí ènìyàn, yóò yìn ín dànù. Gbàù! Nígbà náà ni gbogbo ìlú yóò mọ̀ pé Ògúnṣọlá ń bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ìtìjú tí ọdẹ yòókù ń fi pamọ́ sínú ìbọn, òun ń fi tirẹ̀ kéde.

Lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, a gbọ́ gbàù lọ́nà Ìjù. Kò pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi yọ sí àgbẹ̀dẹ, ìdí ìbọn rẹ̀ ti sán. Ìbọn náà kúrú, nítorí ẹnu ọ̀pá rẹ̀ ti fọ́ nígbà kan rí, èmi ni mo gé e fún un tí mo sì fi òrùka idẹ dè é.

Mo ní, "Bàbá Ọdẹ, ẹ kú oko ọdẹ. Kí lẹ pa?"

Ó ní, "Ṣebí o ti gbọ́."

Mo ní, "Afẹ́fẹ́ ni mo gbọ́ pé ẹ pa. Ṣé ó sanra? Ẹ jọ̀ọ́, itan rẹ̀ kan ni kí ẹ fún mi."

Àwọn ọdẹ tí ó jókòó dúró de iṣẹ́ wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní kí wọ́n tètè ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ kí ó gbé ìkòkò kaná, kí afẹ́fẹ́ náà má bàa rà.

Ògúnṣọlá kò bínú. Ó nu ojú, ó ní, "Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Afẹ́fẹ́ tí mo pa kò ní ìyá tí yóò sunkún." Ó tẹ́ ìbọn rẹ̀ sórí ẹní níwájú mi kí n lè wò ó, ó sì lọ bu omi mu nídìí àmù.

Ìwọ wà níbẹ̀. O gbé ìbọn tìrẹ sílẹ̀ lórí ẹní kan náà láti jẹ àkàrà tí ẹnì kan fún ọ. Nígbà tí o jẹ ẹ́ tán, o nu ọwọ́ mọ́ ara, o gbé ìbọn. Irin pupa wà níwájú mi, mò ń lù ú, n kò wẹ̀yìn. Mo gbọ́ tí o ní, "Bàbá, ìbọn mi wúwo lónìí."

Mo ní, "Ó ti jẹun yó ni."

Ohun tí mo fi dá ọ lóhùn nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́. Mo ń ṣe àwàdà, mo sì ń lu irin mi lọ.

O fi ẹnu ìbọn lé orí ìtì igi tí a ń jókòó lé. Ìyá rẹ ń bọ̀ láti inú ilé láti bi mí bóyá kí òun gbé oúnjẹ wá. Ògúnṣọlá yíjú pẹ̀lú igbá omi lọ́wọ́, ó rí ọ, ó kígbe, "Làwàní, ọmọ rẹ!" Mo yíjú. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ìbọn rẹ lórí ẹní, níbi tí o gbé e sí. Lẹ́yìn náà ni mo rí èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ. O fà á. Òkúta ìbọn ta iná pàrà.

Ìyá rẹ ju ọwọ́ méjèèjì sókè. "Yéè, Sàfú ti pa mí o!" Ó ṣubú gbalaja.

Bí o bá bi mí bóyá ìbọn dún tàbí kò dún, n kò lè sọ. Mo ti ń sunkún kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi, mò ń pè é. Ó la ojú kan, ó ní, "Bàbá Sàfú, kí ló dé? Eré la mà ń ṣe." Ó wo ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọdẹ náà bá a rẹ́rìn-ín, títí ojú wọn fi dé ibi tí Ògúnṣọlá wà. Bàbá náà ti jókòó sínú omi tí ó dà sílẹ̀, ó káwọ́ lérí. Ó ní, "Mo ti yìn ín. Lábẹ́ ọdán. Gbogbo yín lẹ gbọ́ ọ. Mo ti yìn ín." Ó ń tún un sọ, ó ń tún un sọ, bí ẹni pé ẹnì kan ń bá a jiyàn.

Ibẹ̀ ni àwọn àbúrò mi máa ń parí rẹ̀ sí. Ó ku díẹ̀. Mo mú àwọn ìbọn tí ó fara ti ògiri, ìbọn àwọn tí ó ń fi Ògúnṣọlá ṣẹ̀sín, mo ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti wò ó bóyá yóò dé ìsàlẹ̀. Ó dé ìsàlẹ̀ nínú àwọn kan. Nínú àwọn mìíràn kò dé e, ẹ̀tù ṣì wà níbẹ̀. Nínú èyí tí ó súnmọ́ ẹní tí o ti gbé ìbọn, kò dé e.

Ẹ̀rín tán nínú àgbẹ̀dẹ. Ìyá rẹ dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ fún Ògúnṣọlá níbi tí ó jókòó sí. Bàbá náà ni ó ń sọ pé, "Dìde, ìyàwó, dìde, omi wà nílẹ̀."

Ó dáa. Jẹ́ kí n wá dá ẹjọ́ tí o gbé wá.

Èkíní. Bá mi kí ìyá àdúgbò yín náà. Kí o sọ fún un pé o yin gbogbo ènìyàn Ọ̀tà, ó ku díẹ̀ kí o yin lémọ́mù fúnra rẹ̀, lónìí aṣọ ni o ń rán fún àwọn ìyàwó rélùwéè, kò sì sí ẹni tí o tíì ṣe léṣe ju ẹni tí abẹ́rẹ́ gún lọ. Èmi tí mo lo gbogbo ayé mi láàárín ìbọn, n kò pa nǹkan kan rí ju adìẹ àti àgbò Iléyá lọ. Bí o bá gba ìbọn lọ́wọ́ Gàní, yóò mú ọwọ̀. Bí o bá gba ọwọ̀, yóò na ìka. Ìka náà ńkọ́? Jẹ́ kí ọmọ ṣeré.

Èkejì. Ọkọ rẹ ní páànù lásán ni, òótọ́ ni ó sọ. Ìbọn tí mo ṣe fún ọ náà kò lè pa eṣinṣin. Ibi tí ó ti burú ni pé ó dára jù. Mo ṣe é títí ojú ọmọ kò fi lè ya tirẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ọdẹ. Irú àṣìṣe yẹn, alágbẹ̀dẹ mìíràn kò lè ṣe é láéláé, nítorí kò sí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀! Ṣùgbọ́n àṣìṣe ni. Ìbọn ìṣeré gbọ́dọ̀ jọ ìṣeré. Kí ó jẹ́ pé bí ọmọ bá gbé èyí tí kì í ṣe tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ àti ojú rẹ̀ yóò jọ kọ̀ ọ́.

Bí Gàní bá sì sọ ohun kan fún ọ tí kò bá bí ó ti yẹ kí nǹkan rí mu, pé nǹkan wúwo, pé nǹkan gbóná, pé nǹkan ń rùn, fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀ kí o yíjú wò ó. Má ṣe àwàdà fún un kí o tó wò ó. Bí mo bá ní ìmọ̀ràn kan péré láti fi sílẹ̀ fún ọ, èyí ni.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí mo fẹ́ràn jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe èmi ni mo ni ín. Lọ́jọ́ náà, mo gbé ìbọn rẹ, mo fẹ́ fọ́ ọ mọ́lẹ̀. Ògúnṣọlá dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Bí o bá fọ́ ọ lójú rẹ̀, yóò rò pé ìbọn ni ó ṣẹ̀. Jọ̀wọ́ rẹ̀." Ó mú ọ lọ́wọ́, ó sì mú Ọdẹ́yẹmí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó tẹ̀ lé e wá. Wọ́n lọ sẹ́yìn ilé, ó gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fa ewé rẹ̀ ya kúrò, ó ku ọ̀pá àárín. Ó fi ọ̀bẹ sín in ní etí wẹ́wẹ́, ó gbé àwọn etí náà nàró. Bí ènìyàn bá fi ọwọ́ gbá wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wọn yóò dún, pàpàpàpàpà, gbogbo wọn yóò sì sùn. Bí wọ́n bá sùn, ìbọn ti ṣófo, àfi kí o tún gbé wọn nàró. Ojú lásán ni o fi ń mọ̀ bóyá ó kì tàbí kò kì.

Ó wá ní kí Ọdẹ́yẹmí fi hàn ọ́ bí àwọn ti ń ṣe é. Ọmọ náà sọ fún ọ pé bí òun bá tẹ̀ lé bàbá òun láti oko, tí bàbá òun bá ti yin tirẹ̀ lábẹ́ ọdán, òun náà a yin tòun sí ilẹ̀, òun a sì gbé e fún bàbá òun wò. "Bàbá, ó ti sùn." Bàbá rẹ̀ a wò ó bí ẹni pé ìbọn gidi ni. "Ó ti sùn. Ó yá, wọlé."

O rí i? Ìbọn tí èmi fún ọ kọ́ ọ bí ìbọn ti rí. Ìbọn ewé tí ó fún ọmọ rẹ̀ kọ́ ọ bí a ti ń gbé e wọlé. Láti ọjọ́ náà, ìwọ náà kò wọlé rí láìkọ́kọ́ yin ìbọn ewé rẹ dànù lẹ́nu ọ̀nà. O ti gbàgbé. Ìyá rẹ a jáde wá wò ó. "Ó ti sùn. Wọlé, ọmọ mi." Ṣùgbọ́n kò tún kú fún ọ mọ́. Bí o bá na án sí i, kì í ju ọwọ́ sókè mọ́, á yà kúrò níwájú rẹ̀, á ní, "A kì í na án sí ènìyàn." O sunkún, sunkún. O ní ìyá rẹ kò fẹ́ràn rẹ mọ́. Nítorí náà, bí Gàní bá yìn ọ́, má ṣubú. Mo mọ̀ pé ò ń ṣubú. O jọ ìyá rẹ jù.

Ìmọ̀ràn tí ó kù kò ní nọ́ńbà. Má fi lẹ́tà mi na ọkọ rẹ. Má jẹ́ kí "Bàbá mi ní" jáde lẹ́nu rẹ. Gbé e fún un kí ó kà á fúnra rẹ̀, kí o lọ sídìí omi ẹ̀rọ rẹ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyá rẹ níyàwó, kò sí àríyànjiyàn tí n kò fẹ́ borí, títí kan ti iyọ̀ ọbẹ̀. Mo borí púpọ̀. Mo sì dá jẹun púpọ̀. Má sì gba ohun tí bàbá ọmọ fi ayọ̀ rà lọ́wọ́ ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ tí ó rà á, ìwọ náà ni ó ń bá yọ̀.

Kí ó sì mọ bí ilé mi ti rí lónìí. Láti ọjọ́ ọ̀hún, mo gbẹ́ kòtò sẹ́yìn àgbẹ̀dẹ. Kò sí ìbọn tí ń kọjá ibẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni ín yìn ín sínú ilẹ̀ níṣojú mi, kí n tó tún fi ọ̀pá wò ó. Àwọn ọdẹ ráhùn nítorí ẹ̀tù wọn. Àwọn kan gbé ìbọn lọ sí ibòmíràn, wọ́n tún gbé e padà wá, nítorí wọn kò rí ẹni tí ó lè ṣe é bí mo ti ń ṣe é. Wàyí, alágbẹ̀dẹ Ìjọ̀kọ náà ti gbẹ́ kòtò tirẹ̀. Wọ́n ń sọ kiri pé èmi ni mo dá a sílẹ̀. N kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ìwọ ti mọ ẹni tí ó dá a sílẹ̀. Èyí tí ọkọ rẹ rí lára ògiri ti ṣófo, iṣẹ́ ni ó ń dúró dè; èyí tí mo bá tún ṣe tán kì í fara ti ògiri mọ́. Inú àgò irin ni mo ń tì í mọ́, àgádágodo rẹ̀ èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi rọ ọ́, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn mi bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Kí ọkọ rẹ bá Gàní wá kí ó fi ọwọ́ kan gbogbo rẹ̀. Bí ó bá rí ibì kan tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó mú ọmọ rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀. N kò ní bínú. Ṣùgbọ́n kò ní rí i.

Jẹ́ kí Gàní gbé ìbọn rẹ̀ wá sí Ọ̀tà. Má fi pamọ́, má sọ ọ́ nù. Bí ó bá dé, èmi àti òun yóò dúró létí kòtò bí mo ti ń dúró pẹ̀lú gbogbo ọdẹ. N ó ní, "Ọdẹ, ẹ káàbọ̀. Ẹ yin tiyín." Yóò yìn ín sínú ilẹ̀. N ó gbà á, n ó wo ẹnu rẹ̀ dáadáa, n ó tì í mọ́ inú àgò pẹ̀lú ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá bèèrè rẹ̀ nígbà tí ó bá ń lọ, n ó fún un. Àmọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn ilé mi, ọ̀bẹ mi sì mú.

Iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ rán an. Ẹsẹ̀ Ògúnṣọlá kò gbé e mọ́, ẹnu ọ̀nà ni ó ń jókòó sí láti àárọ̀. Gàní ni yóò gbé itan àgbò lọ fún un lọ́dún yìí. Kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ kí ẹ tó kúrò ní Ẹbúté-Mẹ́ta. Kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó ní, "Bàbá Ọdẹ, ọmọ Sàfú ni mí. Ẹ ṣé tí ẹ pa afẹ́fẹ́." Bàbá náà yóò mọ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún omi ẹ̀rọ rẹ, fún ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ, fún ọkọ tí ń bèèrè ọ̀rọ̀. Mo dúpẹ́ fún ìyá rẹ àti orúnkún rẹ̀. Gbogbo àbúrò rẹ tí a bí lẹ́yìn ọjọ́ náà, mo dúpẹ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo fẹ́ fọwọ́ sí i báyìí ni ìbọn kan dún lọ́nà Ìjù. Ọdẹ́yẹmí ni. Kò pa ẹran lónìí. Ìyá rẹ ń fẹ́ ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé atẹ sílẹ̀, ó dojú kọ ọ̀nà Ìjù, ó ní, "Ẹ ṣé o." Nígbà tí o wà ní kékeré, o máa ń bi í pé ta ni ó ń dá lóhùn, a sì máa ń sọ fún ọ pé ọdẹ ni, kí o lọ ṣeré rẹ.

Ó ti gbé atẹ rẹ̀ padà. Ó ní kí n kọ ọ́ pé àgbò ti wà lórí ìso, kí Gàní máa bọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Làwàní Alágbẹ̀dẹ.